Bí oró inú àgbàdo tuntun ṣe lè má pa kòkòrò mọ́, àti ohun tó kan Kétu nínú rẹ̀

Ọ̀rọ̀ irúgbìn tuntun náà ti dé ọjà Kétu, ní Benin níbí, kí irúgbìn fúnra rẹ̀ tó dé. Àwọn tó ń ti Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá ní ìhà Nàìjíríà wá ná ọjà ló ń sọ ọ́: pé ìjọba Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àgbàdo kan tí kòkòrò kì í jẹ, àti ẹ̀wà kan tí àgbẹ̀ kò ní máa fọ́n oògùn sí lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń dáko nítòsí ààlà gbọ́ ọ títí, kò fèsì. Ìgbà tí a délé ló tó bi mí pé: "Àbúrò, bí oògùn inú rẹ̀ bá wá mọ́ kòkòrò lára ńkọ́?"

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí wọ́n ń kọ nípa OGM, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà, ní Faransé àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ń pariwo jù lórí rẹ̀ kì í sábà béèrè ìbéèrè yìí. Ẹni tó kórìíra rẹ̀ á ní májèlé ni wọ́n fẹ́ fún wa jẹ. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ á ní ebi ti dópin. Àgbẹ̀ tó ti ra oògùn apakòkòrò lọ́dún mẹ́ta léra, tó sì rí i pé ti ọdún kẹta kò ṣiṣẹ́ tó ti àkọ́kọ́, òun ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Nítorí náà, èsì tí mo fún ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo ń kọ síhìn-ín, mo kàn fa á gùn díẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irúgbìn tí à ń sọ. Ẹ̀wà náà ń jẹ́ SAMPEA 20-T. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ló ṣe é pẹ̀lú AATF, àjọ kan tó ń mú ìmọ̀ ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ Áfíríkà. Oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí i, ọdún 2021 ni wọ́n sì gbé e jáde fún àwọn àgbẹ̀ ní Kano. Kòkòrò tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é ni Maruca, ọmọ àfòpiná kan tó ń jẹ òdòdó ẹ̀wà, tó sì tún ń lu èèpo rẹ̀ wọlé lọ jẹ ọmọ inú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbin ẹ̀wà rí ti pàdé rẹ̀, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Àgbàdo náà ń jẹ́ TELA. Oṣù Kìíní ọdún 2024 ni wọ́n fọwọ́ sí oríṣi mẹ́rin nínú rẹ̀, láti SAMMAZ 72T dé 75T. Wọ́n ní ó ń fara da ọ̀dá, ó sì ń pa kòkòrò tó ń lu igi àgbàdo àti èyí tó ń jẹ ọkàn rẹ̀, tí àwọn Faransé ń pè ní chenille légionnaire.

Ẹ ò ní gbàgbé kòkòrò tí mo dárúkọ kẹ́yìn yìí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde pé ó ti dé Áfíríkà, Benin sì wà lára àwọn ilẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ti rí i, pẹ̀lú Nàìjíríà, Tógò àti São Tomé. Àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tó ní ibùdó ní Abomey-Calavi ní Benin, wà lára àwọn tó kọ ìkéde náà. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbẹ̀ wa ti ń ya ọkàn àgbàdo wò láàárọ̀, tí wọ́n ń ṣa kòkòrò lọ́wọ́, tí wọ́n ń bu eérú tàbí iyanrìn sí i, tí àwọn mìíràn ń fọ́n omi dóńgóyárò. Abo àfòpiná kan ṣoṣo lè yé ẹgbẹ̀rún ẹyin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìran tuntun sì ń dé ní bí oṣù kan síra ní ilẹ̀ tó móoru bíi tiwa.

Ohun tó ń pa kòkòrò nínú irúgbìn méjèèjì kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sáyé. Bakitéríà kan tó ń gbé inú ilẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Onímọ̀ ará Japan kan, Ishiwata, ló kọ́kọ́ rí i ní ọdún 1901, níbi tó ti ń wá ohun tó ń pa kòkòrò ṣẹ́dà. Ní 1911, Ernst Berliner rí i lára àfòpiná inú ìyẹ̀fun ní Thuringia ní ilẹ̀ Jámánì, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá: Bacillus thuringiensis. Bt ni wọ́n ń gé e kúrú sí. Nígbà tó fi máa di 1938, wọ́n ti ń tà á bíi oògùn oko ní ilẹ̀ Faransé, títí dòní ni àwọn àgbẹ̀ tí kì í lo kẹ́míkà sì ń fọ́n ọn. Ohun tó yí padà ní ọdún 1996, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbin òwú àti àgbàdo Bt ní Amẹ́ríkà, ni pé wọ́n mú jíìnì, ìyẹn àbùdá, tí bakitéríà náà fi ń ṣe oró rẹ̀, wọ́n fi í sínú irúgbìn. Láti ìgbà yẹn, igi àgbàdo fúnra rẹ̀ ló ń ṣe oògùn náà, láti inú ewé dé inú ọkàn, tọ̀sán-tòru.

Bí oró yìí ṣe ń pani ni ó yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni kòkòrò ti ń bọ́. Inú kòkòrò tó ń jẹ ewé kò rí bí inú èèyàn. Tiwa kan, bí omi ọsàn wẹ́wẹ́. Tirẹ̀ rí bí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Nínú omi eérú yẹn ni oró Bt ti ń yọ́, tí á wá lọ lẹ̀ mọ́ àwọn ibì kan lára ògiri ìfun, á lu ògiri náà ní ihò, kòkòrò á dẹ́kun oúnjẹ, á sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn ibi tí oró náà ń lẹ̀ mọ́ yìí kò sí nínú ìfun èèyàn. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ibi tó lanu lára ìfun kòkòrò nìyẹn, ibẹ̀ ni aláǹgbá ń bá wọlé. Bí kòkòrò kan bá wá wà tí ibẹ̀ rí lọ́tọ̀ lára tirẹ̀, tí oró náà dé ìdí ògiri tí kò rí ibi tó máa lẹ̀ mọ́, kòkòrò yẹn á jẹun yó lórí àgbàdo Bt, á sì sùn.

Kì í ṣe pé ó mọ́ ọn lára

Nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ibì kan ṣoṣo ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní oògùn máa "mọ́ kòkòrò lára". Bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni pé kòkòrò ń jẹ díẹ̀díẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi le, tàbí bí ẹni pé ó lọ gba ayẹta. Kò sí kòkòrò tó gba ayẹta. Èyí tó jẹ oró tí oró sì ràn ti kú, kò kọ́ ẹ̀kọ́ kankan, kò sì bímọ mọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé díẹ̀ kíún láàárín wọn ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìbí, kí ẹnikẹ́ni tó gbin Bt. Ara wọn yàtọ̀ díẹ̀, bí orí ìka ọmọ ìyá méjì ṣe lè má dọ́gba, ìyàtọ̀ náà kò sì já mọ́ nǹkan kan títí di ọjọ́ tí oró dé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kan ṣàlàyé, mo kàn fi àwọn nọ́ńbà náà ṣe àpẹẹrẹ ni. Kòkòrò kọ̀ọ̀kan ń gba àbùdá láti ọ̀dọ̀ bàbá àti láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ká ní ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún àbùdá ìfun ni oró kò lè lẹ̀ mọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kí kòkòrò tó lè yè, bàbá àti ìyá gbọ́dọ̀ fún un ní irú àbùdá yẹn. Èyí tó gba ẹyọ kan péré á ṣì kú bí oró náà bá lágbára tó. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún jẹ́ mílíọ̀nù kan. Kòkòrò kan nínú mílíọ̀nù ló máa yè. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Àmọ́ bí gbogbo oko láti ìhín dé ọ̀hún bá jẹ́ Bt, gbogbo ìyókù máa kú, àwọn díẹ̀ tó ṣẹ́ kù nìkan ni yóò rí ara wọn gùn, gbogbo ọmọ wọn pátá ni yóò sì jogún ìfun bàbá àti ìyá. Ní ilẹ̀ wa, tí à ń gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tí ìran kòkòrò sì ń yí ní oṣooṣù, ọdún kan ní àyè fún ìran púpọ̀.

Kódà, bí àgbàdo náà bá ṣe dára tó, tí àgbẹ̀ sì ṣe ń gbin ín tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń yan èyí tó máa borí rẹ̀ kíákíá tó. Ó dùn mí láti sọ ọ́, torí mo mọ iye ọ̀sán tí àwọn èèyàn mi ti lò nínú oòrùn pẹ̀lú pọ́ǹpù lẹ́yìn.

Ohun tí àwọn onímọ̀ rí tó lè fa ọwọ́ aago sẹ́yìn ni wọ́n ń pè ní ilẹ̀ ìsádi. Ó jẹ́ apá oko tí wọ́n gbin irúgbìn lásán sí, tí kò ní Bt nínú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ní i. Níbẹ̀, kòkòrò á jẹ, á dàgbà, á di àfòpiná. Wọ́n máa pọ̀ gan-an, oró sì ṣì ń ran gbogbo wọn. Nígbà tí àfòpiná kan tó yè láti inú oko Bt bá jáde ní alẹ́ láti wá ẹnìkejì, àwọn tó ti ilẹ̀ ìsádi wá ni yóò pàdé. Ọmọ wọn á gba àbùdá ayẹta yẹn láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo. Bí ọmọ náà bá padà jẹ àgbàdo Bt, á kú. Kòkòrò tí a jẹ́ kó yè ló ń bá wa sọ ọmọ èyí tí oró kò pa di aláìlera.

Nígbà tí mo sọ èyí, ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́, ó wò mí. Ó ní, "Kí n mọ̀ọ́mọ̀ gbin àgbàdo fún kòkòrò jẹ?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣòro láti sọ fún ẹni tí oko rẹ̀ kò tó hẹ́kítà méjì. Ní Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ tó ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún hẹ́kítà ni wọ́n ní kó fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ nígbà tí àgbàdo ní oró kan ṣoṣo, wọ́n sì dín in kù sí ìdá 5 ní àgbègbè tí wọ́n ti ń gbin àgbàdo jù nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi oró méjì tó yàtọ̀ síra sínú irúgbìn kan. Oró méjì dára ju ẹyọ kan lọ torí pé kòkòrò tó bọ́ lọ́wọ́ èkíní, èkejì á mú un. Àmọ́ ilẹ̀ ìsádi kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, bí oró mẹ́wàá tilẹ̀ wà níbẹ̀. Bákan náà, oró inú irúgbìn gbọ́dọ̀ pọ̀ tó láti pa ọmọ tó jogún láti ọ̀dọ̀ òbí kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ìṣirò tí mo ṣe lókè ti dàrú.

Ibi tó ti bàjẹ́

Íńdíà bẹ̀rẹ̀ òwú Bt ní ọdún 2002. Kòkòrò pupa rẹ́súrẹ́sú kan tó ń gbé inú èso òwú ni wọ́n ń bá jà, pẹ̀lú àwọn mìíràn. Nínú àpò irúgbìn tí wọ́n ń tà fún àgbẹ̀, 450 gíráàmù ni irúgbìn Bt, àpò kékeré 120 gíráàmù irúgbìn lásán sì wà pẹ̀lú rẹ̀ fún ilẹ̀ ìsádi. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ju àpò kékeré náà nù. Mi ò lè bá wọn wí. Ta ni yóò gba ìdá kan nínú márùn-ún oko rẹ̀, tí yóò fi í fún kòkòrò, lórí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò jókòó ṣàlàyé fún un? Kòkòrò pupa náà kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ohun mìíràn yàtọ̀ sí òwú, nítorí náà igbó pàápàá kò ní ìsádi kankan fún un. Nígbà tó máa di 2008, wọ́n rí àwọn tí oró àkọ́kọ́ kò pa mọ́ ní Gujarat, ilé-iṣẹ́ Monsanto tó ni irúgbìn náà sì kéde rẹ̀ ní 2010. Wọ́n ti gbé irúgbìn olóró méjì jáde ní 2006, àmọ́ wọ́n ń gbin olóró kan àti olóró méjì pọ̀ nígbà kan náà, èyí sì dà bí ẹni tó gbé àtẹ̀gùn sílẹ̀ fún olè: ó gun ìpele kìíní, ó sinmi, ó gun èkejì. Láàárín bí ọdún mẹ́wàá, kòkòrò náà ti borí méjèèjì, àgbẹ̀ sì padà sí ìdí pọ́ǹpù, pẹ̀lú irúgbìn tí owó rẹ̀ ṣì wọ́n.

Ti Gúúsù Áfíríkà sún mọ́ wa jù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbin àgbàdo Bt ní 1998 nítorí Busseola fusca, kòkòrò tó ń lu igi àgbàdo, tó jẹ́ ọmọ Áfíríkà bíi tiwa. Ní 2007 ni ìròyìn jáde pé ó ń yè lórí àgbàdo náà. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò gbin ilẹ̀ ìsádi ní àwọn ọdún àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rí i pé lára kòkòrò yìí, ọmọ tó jogún láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo pàápàá lè yè. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti dà báyìí, ilẹ̀ ìsádi kì í fi bẹ́ẹ̀ gbani mọ́. Pé ọ̀nà kan ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà kò túmọ̀ sí pé yóò bá kòkòrò ilé wa mu.

Kòkòrò tó ń jẹ ọkàn àgbàdo wa náà ti ní ìtàn tirẹ̀. Ní Puerto Rico, erékùṣù tó móoru tí wọ́n ti ń gbin àgbàdo yí ọdún ká, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbin àgbàdo tó ní oró tí wọ́n ń pè ní Cry1F ní 2003. Ní 2006, kòkòrò náà ń jẹ ẹ́ run. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní Brazil láàárín ọdún mélòó kan. Àwọn ìbátan rẹ̀ ni à ń ṣà lọ́wọ́ ní oko Kétu.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́. Ní Arizona, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kòkòrò pupa kan náà tó ba òwú Íńdíà jẹ́ ni wọ́n bá jà láti 1996. Àwọn àgbẹ̀ gbin ilẹ̀ ìsádi, wọ́n ṣe é dáadáa. Láti 2006, wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú tú àfòpiná tí wọ́n ti sọ di àgàn sórí oko òwú, kí èyí tó bá yè lórí Bt má baà rí ẹni tó máa bímọ fún un. Ní 2018, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé kòkòrò náà ti tán nílẹ̀ àwọn. Irúgbìn kan náà, kòkòrò kan náà, ìlú méjì, ìtọ́jú ló yàtọ̀. Àwọn onímọ̀ tó ka gbogbo rẹ̀ jọ ní 2023, lẹ́yìn ọdún 25 tí Bt ti wà lóko, rí ìgbà 26 tí kòkòrò ti borí oró kan débi pé irúgbìn kò wúlò tó bó ṣe yẹ mọ́. Kòkòrò oríṣi 11 ni, ní orílẹ̀-èdè 7. Wọ́n sì rí ìgbà 30 tí agbára oró náà kò dín rárá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ yà sọ́tọ̀, torí mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Wọ́n á ní Burkina Faso gbin òwú Bt, kòkòrò borí rẹ̀, wọ́n sì pa á tì. Wọ́n gbin ín ní 2008 lóòótọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi í sílẹ̀ ní bí 2016. Àmọ́ kì í ṣe kòkòrò ló lé wọn. Okùn òwú náà kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, owó rẹ̀ lọ́jà sì já wálẹ̀. Ó dára ká mọ ìyàtọ̀.

Àwa náà kò nílò àgbàdo Bt kí a tó mọ ohun tí kòkòrò tó borí oògùn lè fà. Ní òpin àwọn ọdún 1990, oògùn tí àwọn àgbẹ̀ olówùú Benin ń fọ́n kò pa Helicoverpa mọ́, kòkòrò tó ń jẹ èso òwú. Wọ́n kó oògùn mìíràn dé, endosulfan. Ní sáà 1999 sí 2000, èèyàn tó kú nítorí oògùn náà ní Borgou, ìjọba fúnra rẹ̀ ka 37, ó kéré tán. Ọmọdé wà nínú wọn. Bí oògùn tó rọrùn bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wa, èyí tó le jù ú lọ ló máa ń tẹ̀lé e, orí àgbẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì ń bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bá àwọn tó ń sọ pé kí Bt bàjẹ́ kíákíá kí a lè gbàgbé rẹ̀ sọ̀rọ̀ kan náà. Oró tó ń pa kòkòrò láì pa àgbẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bí kòkòrò ṣe ń kú níwájú rẹ̀ jẹ́ ọrọ̀, kì í sì í ṣe ọrọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tàbí ti ìlú kan.

Kétu wà láàárín

Ní ọdún 2002, ìjọba Benin ní kí OGM kankan má wọlé fún ọdún márùn-ún, wọ́n sì tún un sọ ní 2008. Òfin lè dá àpò irúgbìn dúró lẹ́nu ibodè. Àfòpiná tó ń ba àgbàdo wa jẹ́ lè fò tó 100 kìlómítà ní òru kan bí afẹ́fẹ́ bá gbè é. Láti Kétu sí Ìmẹ̀kọ kò tó 40. Kòkòrò tó bá kọ́kọ́ borí TELA ní ìhà ọ̀hún lè wà ní oko wa kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ti Maruca tilẹ̀ tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ tó tọpa rẹ̀ rí i pé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìhà gúúsù tó tutù ló ń fara pa mọ́ sí, lórí àwọn ohun igbó tó jẹ́ ẹbí ẹ̀wà, bíi Pterocarpus santalinoides tó ń hù létí odò. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ìran rẹ̀ á máa bá òjò gòkè lọ sí àríwá, dé Kano, dé Niger. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Kòkòrò tó máa jẹ ẹ̀wà Kano lọ́dún yìí lè jẹ́ ọmọ ọmọ èyí tó lo ẹ̀ẹ̀rùn létí omi nílẹ̀ wa. Igbó etí odò wa àti oko ẹ̀wà lásán wa jẹ́ ilẹ̀ ìsádi fún ẹ̀wà Bt ti Nàìjíríà. Kò sẹ́ni tó bi wá, kò sẹ́ni tó sanwó rẹ̀ fún wa, àmọ́ iṣẹ́ tí à ń ṣe nìyẹn. Ó sì ṣe pàtàkì gan-an, torí oró ẹyọ kan ṣoṣo, Cry1Ab, ló wà nínú SAMPEA 20-T. Bí kòkòrò bá rí ọ̀nà bọ́ lọ́wọ́ ẹyọ yẹn, kò sí èkejì lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àgbàdo. Ẹ̀wà sábà máa ń gùn ara rẹ̀, nítorí náà ẹ̀wà Bt àti ẹ̀wà lásán lè wà nítòsí ara wọn láì dà pọ̀ púpọ̀. Àgbàdo kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú orí rẹ̀ kiri. Bí TELA bá wà lóko kan, tí àgbàdo ìbílẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí ṣùkù kan náà ni àwọn hóró kan á ti ní oró, tí àwọn mìíràn kò ní ní i. Kòkòrò tó bá ń jẹ irú ṣùkù bẹ́ẹ̀ á jẹ oró díẹ̀ péré, ohun tó sì máa ń fún ọmọ tó jogún láti ọ̀dọ̀ òbí kan láyè láti yè nìyẹn. Bí àgbẹ̀ bá wá ya irúgbìn sọ́tọ̀ nínú ìkórè yẹn fún ọdún tó ń bọ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe, oko rẹ̀ á di àdàlù: kì í ṣe Bt, kì í ṣe ìsádi.

Nítorí náà, bí àpò irúgbìn kan bá ti ọ̀nà Ìmẹ̀kọ dé ọwọ́ yín láì ní orúkọ lára, ẹ má gbin ín kí ẹ tó mọ ohun tó jẹ́. Mi ò sọ ọ́ nítorí ìbẹ̀rù OGM. Irúgbìn tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ ni kò ṣeé ṣọ́. Àwọn tó ń sọ fún yín pé ìdẹ̀ra ti dé, ẹ bi wọ́n léèrè oró tó wà nínú rẹ̀, ẹyọ kan ni àbí méjì, àti ibi tí ilẹ̀ ìsádi máa wà. Ẹni tí kò lè dáhùn kò yẹ kó máa tà á.

Ohun tó ká mi lára ni pé irúgbìn ni ìjọba méjèèjì ń wò, olúkúlùkù nílé tirẹ̀. Bí Nàìjíríà bá ń fọwọ́ sí i, á ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni. Nígbà tí Benin dá a dúró, òun náà ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni. Kòkòrò ló yẹ kí wọ́n jọ máa wò. Àwọn tó ń kó Maruca jọ ní Zaria láti mọ̀ bóyá oró ṣì ń ràn án, ó yẹ kí wọ́n máa kó ti Kétu, ti Sábẹ̀ẹ́ àti ti etí odò Wèmè pẹ̀lú, torí ọ̀dọ̀ wa ni ó ti ń gbéra. Bákan náà ni iṣẹ́ tí àwọn IITA ń ṣe níhìn-ín, tí wọ́n ń tú àwọn agbọ́n kéékèèké tó ń yé ẹyin sínú Maruca sílẹ̀ ní ìgbẹ́. Agbọ́n kò béèrè bóyá kòkòrò gba ayẹta tàbí kò gbà á. Bí agbọ́n bá pa èyí tí oró kò pa, ayẹta náà bá a kú. Irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí oró pẹ́ lọ́wọ́ ẹni, mo sì rò pé ó yẹ kí wọ́n náwó sí i ju bí wọ́n ṣe ń náwó sí ìpolówó irúgbìn lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun kò ní gbin ohun tí òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n bí àwọn ará ọ̀hún bá gbin ín ńkọ́, báwo ni èèyàn á ṣe mọ̀ pé kòkòrò ti ń borí rẹ̀? Mo sọ àmì tí mo mọ̀ fún un. Lórí irúgbìn Bt tòótọ́, kòkòrò kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin ni èèyàn ń rí, wọn kì í pẹ́ kú, ibi tí wọ́n jẹ lára ewé sì máa ń dà bí ojú abẹ́rẹ́. Bí ẹni tó gbin ín bá rí èyí tó ti sanra lórí rẹ̀, tó gùn tó oríkèé ìka, tí ìgbẹ́ rẹ̀ wà káàkiri ọkàn àgbàdo, tó sì jẹ́ pé kì í ṣe ẹyọ kan péré, ó yẹ kí ó sọ síta.

"Ta ni kó sọ ọ́ fún?"

Mo ní kí ó mú ìgò ẹlẹ́nu gbàgàdà kan, kí ó kó mélòó kan sínú rẹ̀ láàyè, kí ó fi ewé tí wọ́n ń jẹ sí i, kí ó lu ideri rẹ̀ ní ihò kí atẹ́gùn lè wọlé, kí ó kọ orúkọ oko àti ọjọ́ sára rẹ̀, kí ó sì pè mí. A jọ máa gbé e lọ sí Abomey-Calavi.